Ẹnu Kọ́ Ni A Fi Ń Ṣọ́ Ìlú

Ìdìbò abẹ́lé ni ẹgbẹ́ òṣèlú ní Nàìjíríà fi ń yan ẹni tí yóò gbé àsíá rẹ̀ nígbà ìdìbò sípò ààrẹ. Òfin ìdìbò ọdún 2022 fi ọ̀nà mẹ́ta lélẹ̀ fún un: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí àwọn aṣojú tí wọ́n yàn dìbò, tàbí kí àwọn olùdíje fohùn ṣọ̀kan lórí ẹnì kan. Ọ̀nà yòówù kí ẹgbẹ́ gbà, ìbéèrè kan ti gba iwájú láti nǹkan bí ọdún 2014: ta ni ọ̀rọ̀ ètò ààbò dá lẹ́nu jù nínú wọn? Èrò tó gbilẹ̀ ni pé ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le jù sí agbésùnmọ̀mí àti ajínigbé, tàbí tó ti wọ aṣọ ológun rí, ni kí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà. Kì í ṣe pé ètò ààbò kò ṣe pàtàkì. Pàtàkì rẹ̀ gan-an ni kò jẹ́ kó yẹ ní ohun tí a ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọ̀n.

Èrò náà kò ṣàdédé hù. Abala 14 ìwé òfin ọdún 1999 sọ ọ́ gbangba pé ààbò àti ìgbáyégbádùn ará ìlú ni olórí iṣẹ́ tí ìjọba wà fún. Ẹni tí kò lè dé oko rẹ̀ nítorí ajínigbé kò ní ṣàì béèrè ẹni tí yóò gbà á. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, Boko Haram kó ọmọbìnrin 276 lọ ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Chibok, ìpínlẹ̀ Borno. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ààrẹ Goodluck Jonathan tó bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti kà á sí aláìlágbára, tí ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá akin.

Akin náà jáde ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ní pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Sùúrùlérè, Èkó, ni ẹgbẹ́ APC ti ṣe ìdìbò abẹ́lé rẹ̀. Muhammadu Buhari ní ibo 3,430. Rabiu Kwankwaso ní 974, Atiku Abubakar ní 954, Rochas Okorocha ní 624. Ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn Buhari fi ń polówó rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, pàápàá pé kì í kówó ìlú jẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀gágun kò jìnnà sí ẹnu wọn. Wọ́n rán ará ìlú létí pé ní ọdún 1983, nígbà tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ní Jos, ó lé àwọn ọmọ ogun Chad kúrò ní àwọn erékùṣù adágún Chad, àti pé ó ti ṣe olórí ìjọba ológun rí. Bí ó bá jẹ́ ti ìtàn ogun ni, díẹ̀ ni olùdíje láti ọdún 1999, bíi Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tó lè bá a dọ́gba. Nítorí náà, bí èrò tó gbilẹ̀ bá ní òótọ́ nínú, ìjọba rẹ̀ ló yẹ kó ti hàn.

Ìdánwò náà ti parí, èsì rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Kò tọ́ kí a sọ pé olóògbé Buhari kò ṣe nǹkan kan. Ó kó ibùdó àṣẹ àwọn ọmọ ogun lọ sí Maiduguri, ọ̀pọ̀ ìlú kúrò lọ́wọ́ Boko Haram, àwọn kan nínú ọmọ Chibok sì padà sílé. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ó kéde pé ogun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di bíborí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2018, wọ́n kó ọmọbìnrin 110 ní Dapchi. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2021, wọ́n kó 279 ní Jangebe, ìpínlẹ̀ Zamfara. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n gbé bọ́ǹbù sí ojú irin Àbújá sí Kàdúná, wọ́n pa èrò ọkọ̀, wọ́n sì kó àwọn mìíràn wọ igbó. Èyí tó jọ àlọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Kankara. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn agbébọn gun alùpùpù wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin níbẹ̀, wọ́n sì da ọmọ tó lé ní 300 lọ bí ẹni da màlúù. Ìpínlẹ̀ Katsina ni Kankara wà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ààrẹ dé sí Daura, ìlú abínibí rẹ̀, nínú ìpínlẹ̀ Katsina kan náà, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ṣọ́ tó yí i ká. Balógun wà nílé, olè wọlé.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2014, Boko Haram ni gbogbo ìbéèrè lórí ààbò dá lé. Ẹrù tó wá wúwo jù lẹ́yìn náà ni ti àwọn agbébọn Zamfara, Katsina àti Kàdúná, tí ọ̀rọ̀ wọn kò gba iwájú ní Sùúrùlérè. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó gbọ́n, ṣùgbọ́n ogun tí ààrẹ máa ń bá pàdé kì í sábà jẹ́ èyí tí a gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tí olùdíje bá sọ nípa ọ̀tá àná kò lè sọ bí yóò ṣe kojú ọ̀tá ọ̀la.

Jonathan, ẹni tí wọ́n kà sí aláìlágbára, náà ní ìtàn tirẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2015 ló yẹ kí ìdìbò ààrẹ wáyé. Àjọ elétò ìdìbò INEC sún un síwájú di ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, nítorí àwọn olórí ètò ààbò sọ pé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun yóò dí ní ìlà-oòrùn àríwá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Chad àti Niger, gba ìlú lẹ́yìn ìlú padà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, ìdìbò ku ọ̀la, wọ́n kéde pé àwọn ti gba Gwoza, ìlú tí Boko Haram fi ṣe olú ìjọba wọn. Jonathan kò di akin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun ìjà ló dé, àwọn aládùúgbò ló dá sí i, àwọn ọ̀gá ogun sì dojú kọ iṣẹ́. Ìdí tí èyí kò fi ṣẹlẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú ni ìbéèrè tó yẹ kí a bi í; ohùn rẹ̀ kọ́ ló fà á.

Ti Umaru Yar'Adua tilẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀ jù. Ọbásanjọ́, ọ̀gágun tó gba ìtúúbá Biafra ní ọdún 1970, ló ṣe ààrẹ ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999, àwọn ọmọ ogun wó ìlú Odi ní ìpínlẹ̀ Bayelsa palẹ̀. Síbẹ̀ Niger Delta kò rọlẹ̀, ńṣe ni àwọn ajìjàgbara inú omi ń pọ̀ sí i títí Ọbásanjọ́ fi lọ. Yar'Adua jẹ́ olùkọ́ kẹ́mísìrì kó tó di òṣèlú. Nígbà tí ẹgbẹ́ PDP fà á kalẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, kò sí ẹni tó pè é ní akin ogun. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, ó kéde ìdáríjì fún àwọn tó gbé ìbọn ní Niger Delta, ó sì fún wọn di ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá láti kó ohun ìjà wọn sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló jáde láti inú omi. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún kan náà, lábẹ́ ààrẹ kan náà, Boko Haram dìde ní Maiduguri. Àwọn ọmọ ogun mú olórí wọn, Mohammed Yusuf, láàyè, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì pa á sí láìdé ilé ẹjọ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sá lọ, wọ́n padà wá pẹ̀lú oró tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo, ọdún kan ṣoṣo, èsì méjì. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà: níbì kan, àdéhùn tó ní ọjọ́ tí yóò parí, níbì kejì, ìpànìyàn láìsí ìdájọ́.

Àwọn Yorùbá àtijọ́ kò da jagunjagun pọ̀ mọ́ olórí ìlú. Ní Ọ̀yọ́ ilé, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kì í gbé ìlú kan náà pẹ̀lú Aláàfin. Ìlú ààlà ni wọ́n ń fi í sí. Àfọ̀njá, Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, lákin débi pé ó kọ ọba rẹ̀ sílẹ̀. Ó ké sí Àlímì, àlùfáà Mùsùlùmí, ó sì kó àwọn jàmáà jọ láti máa bá a jagun. Àwọn jàmáà yìí kan náà ló pa á nígbẹ̀yìn, Ìlọrin sì bọ́ mọ́ Ọ̀yọ́ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó lè bá Àfọ̀njá jiyàn lórí akin. Ẹni tó gbà wọlé, àti ìjánu tí kò lè kó sí wọn lẹ́nu, ni ìlú fi bàjẹ́. Ẹ̀yìnkùlé lọ́tá wà; inú ilé ni aṣeni ń gbé.

Ìdí méjì ni ọ̀rọ̀ olùdíje lórí ààbò kò fi lè ṣe òṣùwọ̀n. Ti àkọ́kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ló jọra. Àgbẹ̀ tó ń ta iṣu kò ní polówó pé iṣu òun ti jẹrà. Kò sí olùdíje tí yóò gun pèpéle kó sọ pé àánú ajínigbé ń ṣe òun. Gbogbo wọn ni yóò gba ọmọ ogun sí i, tí yóò ra ohun ìjà tuntun, tí yóò sì fi òpin sí ìpayà láàárín ìgbà díẹ̀. Òṣùwọ̀n tí gbogbo ẹrù bá wúwo bákan náà lórí rẹ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn olùdíje ti ń bá ara wọn jiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò bọ́ nínú èyí. Ní ọdún 1964, Lyndon Johnson sọ fún àwọn olùdìbò pé òun kò ní rán ọmọ Amẹ́ríkà lọ ja ogun tó yẹ kí ọmọ Éṣíà jà fúnra wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1965, ọmọ ogun 3,500 gúnlẹ̀ sí Da Nang ní Vietnam. Kó tó fi ipò sílẹ̀, wọ́n ti lé ní 500,000. Ní ọdún 2000, George W. Bush ní kò yẹ kí ọmọ ogun Amẹ́ríkà máa bá orílẹ̀-èdè mìíràn tún ilé wọn kọ́. Ogun Afghanistan tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2001 gba ogún ọdún.

Àwọn tó di èrò náà mú ní ẹlẹ́rìí kan tó lágbára. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, nígbà tó ń díje nínú ìdìbò abẹ́lé, Barack Obama sọ pé bí òun bá rí àrídájú pé àwọn olórí Al-Qaeda wà ní Pakistan, tí ìjọba ibẹ̀ kò sì ṣe nǹkan kan, òun yóò kọlù wọ́n. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa Osama bin Laden, olórí Al-Qaeda, ní Abbottabad ní Pakistan. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ṣẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó sọ ọ́, ńṣe ni John McCain àti àwọn mìíràn tí wọ́n ní ìrírí jù ú lọ lórí ààbò bu ẹnu àtẹ́ lù ú, pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Àwọn tó ń fi ìrírí àti ìdúró wọn olùdíje ló ka ọ̀rọ̀ náà sí àìmọ̀. Ẹlẹ́rìí wọn jẹ́rìí ta ko wọ́n.

Ìdí kejì ni pé ọwọ́ òfin ni iṣẹ́ náà wà. Abala 214 ìwé òfin sọ pé ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà. Ààrẹ ló ń yan ọ̀gá àgbà wọn. Gómìnà tí gbogbo ayé ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀ lè pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n abala 215 fún kọmíṣánnà náà láyè láti ní kí òun kọ́kọ́ gbọ́ láti Àbújá. Ohun tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá rí ní oṣù Kìíní ọdún 2020 nìyẹn. Ní ọjọ́ 9 oṣù náà, àwọn gómìnà ṣí ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ fi sọ pé kò bá òfin mu. Ìpàdé ló yanjú rẹ̀, àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ sì ṣe òfin tirẹ̀. Síbẹ̀, ṣakabùlà àti ìbọn ọdẹ ni Àmọ̀tẹ́kùn ń gbé kojú àwọn tó ń gbé AK-47.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, èyí já sí ẹ̀jẹ̀. Ìsìn Pẹ́ńtíkọ́sì ń parí lọ ní ìjọ Àgùdà St Francis ní Ọ̀wọ̀ nígbà tí àwọn agbébọn dé, tí wọ́n ju bọ́ǹbù, tí wọ́n sì yìnbọn sí àwọn olùjọsìn. Nǹkan bí 40 ènìyàn kú. Gómìnà Oǹdó, olóògbé Rótìmí Akérédolú, wà ní Àbújá lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ó sáré padà wálé. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ohùn líle, ta ni ohùn rẹ̀ le ju ti Akérédolú lọ lórí ààbò ilẹ̀ Yorùbá? Ohùn wà, àṣẹ kò sí.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni APC kó àwọn aṣojú tó lé ní 2,000 jọ sí Eagle Square ní Àbújá fún ìdìbò abẹ́lé. Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀wọ̀ kò tíì gbẹ. Olùdíje kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Káyọ̀dé Fáyẹmí, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa ogun ní London, bọ́ sílẹ̀ fún Bọ́lá Tinúbú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn náà ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 8, Tinúbú ní ibo 1,271, Rotimi Amaechi 316, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò 235. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ àyà pé ètò ààbò ló pín ibo wọ̀nyẹn. Àjọṣe, àdéhùn ẹkùn àti agbára owó ni ìdìbò abẹ́lé ń tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ ààbò a máa ṣe ẹ̀wù tí a fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí jẹ́ ewu mìíràn nínú èrò tó gbilẹ̀: ó ń fún ẹgbẹ́ ní àwáwí.

Àwọn kan yóò ní bí a bá fi ìdúró olùdíje sílẹ̀, kò sí ohun tó kù láti fi wọ̀n ọ́n. Ó kù. Àkọ́kọ́ ni owó ààbò. Oṣooṣù ni àwọn gómìnà ń gba owó yìí, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣírò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Gómìnà àná sì ni ọ̀pọ̀ olùdíje ààrẹ: Tinúbú, Amaechi, Fáyẹmí, Nyesom Wike, Bùkọ́lá Sàràkí. Kò sí ìdí tí a kò fi lè bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi tiwọn rà. Pé ó ṣeé ṣe kò ní iyèméjì: láti ọdún 2007 ni Èkó ti ní àpò owó ààbò tí òfin gbé kalẹ̀, tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ń dá sí, tí wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ fún ará ìlú ní ìpàdé gbangba.

Èkejì ni àwọn tí olùdíje ti yàn sípò rí, àti bí ó ṣe ń yọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá dára. Buhari yan àwọn ọ̀gá àgbà ọmọ ogun ní oṣù Keje ọdún 2015. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní kó yọ wọ́n, ó sì tún un sọ. Ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2021 ni wọ́n tó lọ, lẹ́yìn Dapchi, lẹ́yìn Kankara. Ẹni tó bá ti jẹ́ gómìnà tàbí mínísítà ti yan ènìyàn rí, ó sì ti ní láti yọ ènìyàn rí. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà.

Ẹ̀kẹta ni ohun tó ti ṣe lórí òfin. Ìgbìmọ̀ APC tí Nasir el-Rufai ṣe alága fún dá a lábàá ní ọdún 2018 pé kí ìpínlẹ̀ ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló wà lórí oyè, òun ló sì kó ọ̀pọ̀ aṣòfin jọ, títí ìjọba Buhari fi parí ní ọdún 2023. Abala 214 kò yí padà. Àtúnṣe ìwé òfin gba ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ní Àbújá àti ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ 24. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dárúkọ aṣòfin tó ti bá sọ̀rọ̀ àti àbádòfin tó ti tì lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin ni ìdájọ́. Ìtàn Mohammed Yusuf fi hàn pé ẹni tí a pa láìdé ilé ẹjọ́ kì í kú tán. Gómìnà tó gbé ẹjọ́ ajínigbé dé ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ ti ṣe ju ẹni tó búra nígbà 100 pé òun yóò tẹ̀ wọ́n rẹ́.

Wọ́n lè sọ pé èyí le jù fún ará ìlú, pé ohùn rọrùn láti gbọ́ ju ìwé ìṣirò lọ. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí olóṣèlú fi fẹ́ràn kí a máa gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n aṣojú tí ẹgbẹ́ rán lọ dìbò kì í ṣe èrò ọjà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó yẹ olùdíje wò fínnífínní. Olùdíje tó bá fẹ́ ṣọ́ ìlú, kó gbé ìṣirò owó ààbò rẹ̀ wá, kó ka orúkọ àwọn tó yàn àti àwọn tó yọ, kó sì fi àbádòfin tó tì lẹ́yìn hàn. Èyí tí kò bá ní ìkankan nínú wọn, bí ohùn rẹ̀ ti wù kó le tó, kò yẹ ní ẹni tí à ń fún ní ibo.